Màmá, Ẹ Jókòó, Ẹ Sinmi!

Ẹni tí ara bá ń yún láti jà ní Hayin Banki, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú tàbí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Kó ṣáà dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí nígbà tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, kó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yẹ ká kọ́ ilé ìtọ́jú arúgbó sí àdúgbò yìí." Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló lè gbà á sílẹ̀. Hausa á ké "A'uzu billahi!", Yorùbá á na ọwọ́ sókè, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a rí i!" Ẹni tí kò tíì bẹ ìyá rẹ̀ wò láti Iléyá èṣí ni ohùn rẹ̀ yóò sì ròkè jù: "Òyìnbó ló ń kó òbí dànù! Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa!"

Ó dáa, mo gbà fún yín. Ẹ kì í kó ìyá yín dànù. Pálọ̀ lẹ ń kó wọn sí.

Ká sọ tòótọ́, ilé ìtọ́jú arúgbó ti kún Hayin Banki fọ́fọ́, pátákó lásán ni wọn ò rí gbé kọ́. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó ilé ni mátírọ́ọ̀nù, ọmọ ọ̀dọ̀ ni nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ni ilé ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ń gbé Àbújá. Nígbà ọdún, yóò wọ ọkọ̀ ojú irin láti Idu wá sí Rigasa, yóò gbé àpò ìrẹsì kékeré kan dání, yóò ya fọ́tò pẹ̀lú Màmá, yóò gbé e sórí WhatsApp, yóò kọ "Iyebíye mi rèé" sí i lábẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti padà sí ibùdókọ̀.

Ètò ojoojúmọ́ ibẹ̀ kò le, ọmọdé lè há a sórí. Láàárọ̀, wọ́n á kí Màmá, wọ́n á gbé tíì àti búrẹ́dì síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá á jókòó. Bó bá fẹ́ dìde mú ìgbálẹ̀, ọmọ mẹ́ta á fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà: "Háà, Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ kí ará àdúgbò máa bú wa ni? Ẹ jókòó, ẹ sinmi!" Bó bá nawọ́ sí ilá tí ìyàwó ń rẹ́, wọ́n á fi ìfẹ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní òun fẹ́ jáde sẹ́nu géètì wo ẹni tó ń kọjá, wọ́n á ní òòrùn pọ̀ jù. Bí òòrùn bá rọlẹ̀, ẹ̀fọn ti dé. Bó bá di oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ló wà níta. Kò sóṣù kan nínú ọdún tí ojú ọjọ́ Kaduna bá Màmá lára mu. Bẹ́ẹ̀, obìnrin yìí kan náà ló fi dádáwà àti kúlíkúlí títà rán ọmọ mẹ́fà níwèé, òun ló ń gbé igbá dé ibùdókọ̀ Kawo kí ilẹ̀ tó mọ́. Òòrùn ìgbà yẹn, ṣé inú fíríìjì ni wọ́n ti ń yọ ọ́ ni?

Bọ́sàn-án bá pọ́n, wọ́n á tan Zee World fún un. Àwọn ará Íńdíà ló ń sunkún níbẹ̀, wọ́n sì ti fi Gẹ̀ẹ́sì há ẹkún náà sí wọn lẹ́nu. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Hausa ló gbọ́, ó sì gbọ́ ọ débi pé ó lè fi bú èèyàn kí onítọ̀hún máa dúpẹ́. Arewa24 wà lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn kan náà, àwọn tó ti ń gbé eré Hausa jáde láti ọdún 2014: eré ìtàn wà níbẹ̀, ọbẹ̀ sísè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló bi Màmá? Rìmóòtù wà lọ́wọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ẹni kan ṣoṣo tó ń ṣàánú Màmá nínú ọ̀rọ̀ yìí ni NẸ́PÀ. Wọ́n ti sọ ara wọn di Kaduna Electric, orúkọ nìkan ló sì yí padà. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, tí fóònù kú, tí pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, gbogbo ilé á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n á rántí pé ẹnì kan wà lórí àga. "Màmá, ẹ sọ bí ẹ ṣe kọ́kọ́ dé Kaduna fún wa." Ojú Màmá á là. Á tún gèlè rẹ̀ wé. Á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, á dárúkọ gbogbo ẹni tó wọ ọkọ̀ náà àti ohun tí wọ́n jẹ. Ó kù díẹ̀ kó dé ibi tí ọkọ rẹ̀ ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú èrò Zaria, iná á dé. "Up NEPA!" Ẹ ò ní rí ẹyọ ẹnì kan lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Ọkọ Màmá ṣì sọnù ní Zaria títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe rí i.

Láti Kawo dé Rigasa, n kò mọ iléeṣẹ́ mìíràn tó ń ṣètò fàájì fún arúgbó déédéé tó NẸ́PÀ.

Ẹ fi ti pálọ̀ sílẹ̀ ná, ẹ wá ká lọ kí Bọ̀dá ní Manchester. Bọ̀dá ni àkọ́bí Màmá. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣílẹ̀kùn físà fún ẹni tó bá fẹ́ wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lọ́dọ̀ wọn. Bọ̀dá tó gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Kaduna Poly, Bọ̀dá tí kì í fọ abọ́ tó fi jẹun nílé nítorí pé ọkùnrin ni, ta mọ́tò, ó ta ilẹ̀ tó ní ní Mando, ó wọ bàálù. Nígbà tó di ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní olùtọ́jú tó bá ń bọ̀ kò gbọdọ̀ kó ìyàwó àtọmọ dání mọ́. Ní ọjọ́ 22, oṣù Keje, ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ẹni tó bá ṣì ń gba físà láti òkèèrè. Bọ̀dá ti wọlé kí wọ́n tó tì í, díẹ̀ ló kù kí ilẹ̀kùn há etí agbádá rẹ̀. Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbé e ga. Wọ́n fi í ṣe alákòóso eré. Òun ni yóò máa wá ohun tí àwọn arúgbó ilé náà yóò fi ọjọ́ wọn ṣe, láti Ajé dé Àìkú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n nílé, ẹ wá wò ó. Bọ̀dá wọ fìlà pupa tó ní jagajìgì lórí. Láàárọ̀, ó to arúgbó yíká lórí àga, ó ń gbẹ́sẹ̀ sókè, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ sókè. Ó ju bàlúùnù sí ìyá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ìyá gbá a padà sí i lójú, Bọ̀dá pàtẹ́wọ́. Lọ́sàn-án, ó kọ orin Vera Lynn, obìnrin tó ń kọrin fún àwọn ọmọ ogun wọn nígbà tí wọ́n ń bá Hitler jà. Ọmọ Hayin Banki! Tó bá di Ọjọ́rú, ó di bíńgò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìnagijẹ fún nọ́ńbà nínú bíńgò wọn, èyí tí wọ́n sì ń pe 88 ni "ìyá sísanra méjì". Bọ̀dá á dúró láàárín gbọ̀ngàn tí ìyá sísanra kún, á fi gbogbo ọ̀fun ké e, àwọn ìyá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ẹ ní kó wá dán an wò níwájú Màmá àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìpàdé àsáláátù. Ìgbájú tó máa gbà, nọ́ńbà bíńgò ló máa máa gbọ́ létí títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Mò ń fi Bọ̀dá ṣe yẹ̀yẹ́ ni, n kò fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe é. Iṣẹ́ tó nítumọ̀ ni. Kó tó gbé bàlúùnù tàbí bíńgò jáde, ó ti kọ́kọ́ jókòó ti oníkálukú: Iṣẹ́ wo lẹ ṣe nígbà èwe? Orin wo lẹ jó níjọ́ ìgbéyàwó yín? Kí lorúkọ ajá yín? Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Robert Butler, ló kọ̀wé lọ́dún 1963 pé bí arúgbó bá ń tún ìtàn ayé rẹ̀ sọ lásọtúnsọ, kì í ṣe arán. Àgbà ń ka ìwé ìṣirò ara rẹ̀ ni, ó sì yẹ ká bá a kà á. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tó ń la ìlànà ìtọ́jú sílẹ̀ fún wọn, NICE, tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 pé ó yẹ kí àgbàlagbà tó wà nílé ìtọ́jú máa rí ohun tó nítumọ̀ fọwọ́ ṣe. Nítorí náà Bọ̀dá ní fáìlì. Ó mọ ẹni tó ń mu tíì láìsí wàrà. Ó mọ ẹni tó ṣe dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ akérò nígbà ayé rẹ̀, tó sì fẹ́ kí wọ́n fi òun jókòó sídìí fèrèsé iwájú.

Lálẹ́ Sátidé, fáìlì yẹn á di pípadé, Bọ̀dá á pe ilé.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ẹ ti lo oògùn?"

"Mo ti lò ó. Bọ̀dá, ìgbà tí mo—"

"Ẹ ṣeun Màmá. Ẹ jókòó o, ẹ sinmi. Ẹ má ṣe wàhálà kankan."

Ẹ bi Bọ̀dá léèrè orin tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn. Á ní, "Àwọn orin Alásáláátù yẹn náà ni." Irọ́ ńlá. Bàtílì Àlàkẹ́, olórin wákà, ni! Wákà ló gbé Màmá jáde nílé ní kékeré, tó fi fo fèrèsé, tí bàbá rẹ̀ fi pàṣán dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó kọ ìyẹn sí fáìlì kankan.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé wọ́n bí ọgbọ́n yìí mọ́ Òyìnbó. Wọ́n ti gba ọ̀bẹ ilá lọ́wọ́ ìyá tiwọn náà rí. Lọ́dún 1976 ni obìnrin méjì tó jẹ́ onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, Ellen Langer àti Judith Rodin, gbé ìwádìí jáde láti ilé arúgbó kan tó ń jẹ́ Arden House ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn arúgbó tó wà ní àjà kan mú òdòdó inú ìkòkò tó bá wù wọ́n, kí wọ́n máa bomi rin ín fúnra wọn, kí wọ́n sì mú alẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ wo sinimá. Wọ́n fún àwọn ti àjà kejì náà ní òdòdó, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ló ń bá wọn bomi rin ín. Ẹ jókòó, ẹ sinmi ti Connecticut nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù 18, nínú àwọn tó ń tọ́jú òdòdó ara wọn, nǹkan bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti kú. Nínú àwọn tí wọ́n ń bá tọ́jú ẹ̀, ó tó 30. Gbogbo wọn pọ̀, wọn ò tó ọgọ́rùn-ún èèyàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ ra òdòdó kó ní òun ti rí oògùn àìkú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ohun tí wọ́n fún wọn ṣe kéré tó: ìkòkò kan, àti "èwo lẹ fẹ́?"

Ẹni tó wá sọ ọ́ di eré gidi ni Dókítà Bill Thomas. Lọ́dún 1991, òun ni dókítà ilé arúgbó Chase Memorial ní New Berlin, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York. Ó wò yíká, ó ní kì í ṣe àìsàn nìkan ló ń pa wọ́n níbẹ̀: ayé ti sú wọn, wọ́n dá wà, wọn ò sì wúlò fún ẹnì kankan mọ́. Ó ní kí wọ́n kó ajá 2, ológbò 4 àti ẹyẹ 100 wá, àwọn ẹyẹ kéékèèké tó bá odídẹrẹ́ tan. Atul Gawande sọ ìtàn náà nínú ìwé rẹ̀ ọdún 2014, Being Mortal. Gbogbo ẹyẹ dé lọ́jọ́ kan náà, àgò wọn kò tíì dé. Ẹni tó gbé wọn wá da gbogbo wọn sínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe irun fún àwọn ìyá, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí àgò fi máa dé, kò tíì sí èyí tí wọ́n tò pọ̀. Dókítà ń lé ẹyẹ, nọ́ọ̀sì ń lé ẹyẹ, ìyẹ́ ń fò káàkiri. Àwọn arúgbó kóra jọ sẹ́nu gíláàsì, wọ́n ń wo àwọn tó gbọ́n jù nínú ilé náà tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, wọ́n rẹ́rìn-ín, ìdí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Nígbà tó yá, arúgbó tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹlòmíì ní òun á máa mú ajá rìn. Ìwé oògùn tí wọ́n ń kọ fún wọn bọ́ sí ìdajì ti ilé arúgbó kejì tí wọ́n fi wé e.

Ẹ̀yin ará Hayin Banki ń rẹ́rìn-ín Òyìnbó tó ń ra ẹyẹ fún arúgbó. Ó dáa. Adìẹ mẹ́rin tí Màmá ń sìn lẹ́yìnkùlé ńkọ́? Ta ló pa wọ́n sè níjọ́ ìsọmọlórúkọ? Ẹ ní wọ́n ń rùn. Àkùkọ tó ń jí Màmá fún ìrun àsúbáà, ẹ jẹ itan rẹ̀, ẹ wá ra aago tó ń pe ìrun fún un. Ó ń pe ìrun ti Jakarta.

Àbí ẹ rò pé a nílò dókítà New York kó tó yé wa? Àwọn baba wa ní Kétu àti Ìmẹ̀kọ ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tipẹ́. Kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Ẹ bọ́ ìtìjú kúrò lójú, ẹ jẹ́ ká pè é ní ohun tó jẹ́: ètò fàájì fún àwọn ìyá àgbà ni. Ọkùnrin á wọ aṣọ obìnrin, á di ìdí, á gbé igi lórí, á jó títí ẹsẹ̀ á fi wú, torí kí inú àwọn ìyá wa lè dùn. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Ẹ̀fẹ̀ á jáde sọ́jà, á júbà wọn, á sì fi orin tú àṣírí gbogbo oníwàkíwà títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí àwọn ìyá lè gbọ́ òfófó tó gbayì. Ta ló ṣètò ọjọ́? Ta ló ń sọ pé ó dùn tàbí kò dùn? Àwọn ìyá ni. UNESCO kéde rẹ̀ lọ́dún 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé lọ́dún 2008. Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ nǹkan kan tí àwọn ọmọ òde òní ti gbàgbé: ìyá àgbà tí nǹkan bá sú, ìlú á gbọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rù wọn, wọ́n sì jó. Ẹ̀yin ò bẹ̀rù, ẹ tan Zee World.

Ìjọba náà kò gbẹ́yìn, kẹ́ ẹ má ba wọn lórúkọ jẹ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà láti ọdún 1990. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Nàìjíríà ń jẹ òmìnira tirẹ̀, nítorí náà àgbà ò rí àyè gbọ́ ọ̀rọ̀ tiwọn nítorí ariwo ọkọ̀ ọmọ ogun. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ pé 65 lọ́dún 2025. Tó bá jẹ́ ọmọ Èkìtì ni, tó sì jẹ́ ìgbà Gómìnà Fáyẹmí tó bẹ̀rẹ̀ owó arúgbó lọ́dún 2011, ì bá ti máa tò lórí ìlà gba ₦5,000 rẹ̀ lóṣooṣù. Òfin ọdún 2017 tún dá ibùdó ìjọba àpapọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ọ́fíìsì wà. Àbújá ló wà. Àga Màmá sì wà ní Hayin Banki.

Eré ìdárayá tí ìjọba ń ṣètò fún arúgbó láìtàsé ni ti ẹ̀rí pé a ṣì wà láàyè. Kaduna kún fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní reluwé àti ní iléeṣẹ́ aṣọ: KTL tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1957, UNTL tó ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2007 tí ọ̀pọ̀ kò sì tíì gba ẹ̀tọ́ wọn kí orí wọn tó hu ewú. Fún ọdún gbọọrọ, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń mọ̀ pé ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì kò tíì kú ni pé kí wọ́n tò ó sínú òòrùn títí tó fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Nísinsìnyí, PTAD, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti gbé e sórí fóònù, wọ́n pè é ní "I Am Alive". Bàbá á gbójú síwájú fóònù, ọmọ ọmọ á ní, "Bàbá, ẹ ṣẹ́jú." Bàbá á ní, "Mo ti ń ṣẹ́jú láti ayé Gowon." Ó sàn ju ìlà lọ. Mo kan ń wò ó pé nínú gbogbo ìbéèrè tí ìjọba lè bi àgbà, èyí tó wù wọ́n jù ni: ṣé ẹ ò tíì kú ni?

Ti àwọn alárànṣe tún dùn. Ẹni tó sọ pé ilé arúgbó kì í ṣe àṣà wa kò tíì dé Yaba rí, kò sì gbọ́ nípa Regina Mundi ní Mushin. Ilé arúgbó ti wà ní Èkó láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn Yorùbá náà sì wà nínú wọn. Kò sọ́jọ́ ọdún kan tí àlejò kì í ya sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé Indomie dé, wọ́n á wọ aṣọ ẹgbẹ́ tí fọ́tò ààrẹ wọn wà láyà rẹ̀. Wọ́n á ní kí Bàbá dìde wá jó Buga. Orúnkún Bàbá kò gbà fún un, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ti ń yí. Bàbá á mi èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á hó yèè! Ìṣẹ́jú ogún, wọ́n ti lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ni yín, Bàbá? Onílù sákárà ni Bàbá nígbà ayé rẹ̀. Òun ló yẹ kó kọ́ wọn níjó.

Kí àwọn àgbà tó ń kà mí má fi eyín rẹ́rìn-ín jù, ó kàn yín. Ẹ̀yin bàbá Hayin Banki, ẹ ti ṣètò tiyín láìsí Bọ̀dá kankan. Ẹ ní majalisa lábẹ́ igi, ẹ ní mai shayi tó mọ iye súgà oníkálukú, ẹ ní rédíò tí ẹ so rọ́bà mọ́ tí ẹ fi ń gbọ́ BBC Hausa tó ti ń sọ̀rọ̀ láti ọdún 1957. Ẹ gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, ẹ ń ta dara, òkúta lọ́dọ̀ ẹni yìí, igi lọ́dọ̀ ẹni yẹn. Yorùbá inú yín gbé ọpọ́n ayò wá, ó ń jí ọmọ ayò sínú apá agbádá, ó ní àtẹ́lẹwọ́ ló ń yún òun. Ẹ yanjú ogun Rọ́ṣíà, ẹ yọ gómìnà, ẹ dá a padà kí wọ́n tó pe ìrun àsárì. Ìdí nìyí tí ara yín fi le. Ṣùgbọ́n ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ẹ gbà á láyè lábẹ́ igi? Ẹ fi í sílẹ̀ sí pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ará Íńdíà, ẹ wá délé, ẹ ní ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí lẹ fẹ́ kó fi ṣe?

Nítorí náà, tí Hayin Banki bá fẹ́ gba alákòóso eré, mo ti kọ ìwé ìkéde iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò pọn dandan kó ní dìgírì. Kó mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù nínú ayò láìjẹ́ kó hàn. Kó lè gbọ́ ìtàn ọkọ tó sọnù ní Zaria nígbà ogójì, kó sì tún béèrè pé, "Ẹ̀hẹ̀n, wọ́n wá rí i?" Kí etí rẹ̀ gba èébú. Kó má bẹ̀rù kí Màmá mú ọ̀bẹ dání. Kó gbọ́ Hausa, kó gbọ́ Yorùbá, kó má sọ Gẹ̀ẹ́sì sí arúgbó lójú bí ẹni ń bá ìkókó ṣeré. Jagajìgì orí fìlà kò pọn dandan.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ti bẹ̀rẹ̀ láìgba owó, wọ́n sì sọ ohun tójú rẹ̀ rí fún mi. Ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ ṣe lónìí?"

Màmá wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Dókítà ti sọ nǹkan kan fún ẹ tó o ò fẹ́ sọ fún mi, àbí?"

"Rárá, Màmá. Mo kàn ń béèrè ni."

"Ọjà Kawo."

Ó pe kẹ̀kẹ́ NAPEP. Kí wọ́n tó jókòó, Màmá ti bá oníkẹ̀kẹ́ jà lórí owó ọkọ̀, oníkẹ̀kẹ́ ti dín in kù, ó sì ti ń pè é ní Hajiya. Ọmọkùnrin yìí rò pé wákàtí kan ni wọ́n á lò. Kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ní ìlú kan nínú ọjà yẹn. Aláta mọ̀ ọ́n, alẹ́ran mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ta tòmátò jẹ́ ọmọ ẹni tí wọ́n jọ pàtẹ nígbà kan. Màmá ní kó dìde lórí àpótí rẹ̀, kó lọ kírun. Nígbà tí onítọ̀hún fi máa dé, Màmá ti ta agbọ̀n mẹ́ta, ó ti lé oníbàárà kan tó ń fọwọ́ tẹ tòmátò wò, ó sì ti gbọ́ gbogbo òfófó ọdún méjì tó kọjá lẹ́nu aláta. Ọmọ rẹ̀ ń gbé báàgì tẹ̀ lé e kiri, ọrùn ń dùn ún, ó ní, "Màmá, ṣé kò tíì tó?" Kò dá a lóhùn.

Wọ́n délé lẹ́yìn ìrun àsárì. Màmá bọ́ bàtà, ó bu omi mu, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Owó iṣẹ́ mi dà?"

"Owó iṣẹ́ wo, Màmá?"

"Tòmátò tí wọ́n ń tà fún ìyàwó ẹ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, èló ni mo rà á lónìí? Ìdajì ìyàtọ̀ rẹ̀ ni tèmi." Ó ka owó náà, ó kì í sínú ìró, ó tún bojú wo aago tó ń pe ìrun ti Jakarta. "Lọ́la, aago mẹ́fà. Ata tó dáa kì í pẹ́ lọ́jà. Má jẹ̀ẹ́ kí n máa dúró dè ẹ́ lẹ́nu géètì."